Àwòṣe omi àti ìrísí òrùka ṣúgà ńlá

Àwòṣe omi ni àpèjúwe tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ń fún kọ̀ǹpútà nípa ẹyọ omi kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè wo bí mólékù mìíràn ṣe ń ká tó sì ń nà nínú rẹ̀. Àwòṣe tí a bá yàn lè yí ìrísí tí a ó rí padà fún cyclodextrin ńlá gbọ̀ngbọ̀n: òrùka ṣúgà tí gúlúkóòsì mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ para pọ̀ di.

Inú sítáàṣì ni òrùka wọ̀nyí ti ń wá. Ní Kàbbà àti Ìsánlú, láàárín àwọn Òkun tó ń gbin gbágùúdá ní ìwọ̀ oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí, ẹni tó bá rin gbágùúdá, tó sì fi aṣọ sẹ́ ẹ, mọ ohun funfun tó ń jókòó sísàlẹ̀ abọ́. Da omi tútù lé e, yóò tún jókòó. Da omi tó ń hó lé e, yóò ki, yóò sì máa fà. Sítáàṣì kan náà ni o. (Ooru ló yàtọ̀ nínú abọ́, nínú kọ̀ǹpútà, àpèjúwe omi fúnra rẹ̀ ló ń yàtọ̀.) Ẹ́nsáìmù bakitéríà ló ń gé okùn sítáàṣì, tó sì ń so orí rẹ̀ mọ́ ìdí.

Antoine Villiers ló kọ́kọ́ ròyìn cyclodextrin, ní 1891. Àwọn kékeré, oní-6, oní-7 àti oní-8 (iye gúlúkóòsì inú wọn nìyẹn), dà bí korobá tí kò nídìí: ìdè háídrójìn (bí háídrójìn kan ṣe ń fa ọ́ksíjìn tó wà nítòsí) láàárín gúlúkóòsì méjì tó fara kanra ló gbá a yíká. Bí òrùka bá tóbi sí i, ìdè yìí á máa ni ín lára, gúlúkóòsì kan á sì yíjú padà. Oní-26, tí a tẹ ìrísí kírísítàlì rẹ̀ jáde ní 1999, lọ́ di okùn méjì tó dojú kọra.

TIP3P àti TIP4P, àwòṣe omi méjì, jáde ní 1983. Lára átọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú ẹyọ omi ni TIP3P kó iná mànàmáná, ti rere àti ti òdì, sí. TIP4P gbé iná òdì kúrò lórí ọ́ksíjìn díẹ̀. Omi TIP3P ń rìn ju ìlọ́po méjì omi gidi lọ, nítorí náà òrùka inú rẹ̀ ń yára pa ìrísí dà. Ìyára nìyẹn. Ìrísí fúnra rẹ̀ dá lórí ẹni tí ọwọ́ OH ṣúgà (ọ́ksíjìn àti háídrójìn tó yọ síta lára rẹ̀) bá dì mú: omi, àbí ọwọ́ OH ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí omi kò bá dì í mú dáadáa, ṣúgà á lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, òrùka á sì ká mọ́ra. Bí omi bá dì í mú jù, á ṣí sílẹ̀.

Àwọn kan kì í fi ẹyọ omi sí i rárá; ìṣirò ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó máa ń yára, àmọ́ kò sí ẹyọ omi tí yóò ṣe afárá láàárín ọwọ́ OH méjì.

Ìṣòro mìíràn ni pé yíyíjú gúlúkóòsì lè pẹ́ ju gbogbo àkókò tí kọ̀ǹpútà fi ṣiṣẹ́ lọ. Ìyàtọ̀ tí a bá rí láàárín omi méjì lè jẹ́ ti ìrísí tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ìrísí mélòó kan nínú omi kọ̀ọ̀kan.