Ìdàgbàsókè Ìmọ̀ọ́ṣe Àwọn Ọ̀dọ́ fún Iṣẹ́ ní Áfíríkà

Ìdàgbàsókè ìmọ̀ọ́ṣe àwọn ọ̀dọ́ ní Áfíríkà ni àpapọ̀ ètò, òfin àti àṣà tí àwọn ìdílé, oníṣẹ́ ọwọ́, iléeṣẹ́, ìjọba àti àjọ àgbáyé ń lò láti mú àwọn ọ̀dọ́ gbára dì fún iṣẹ́ tí wọ́n lè fi gbọ́ bùkátà ara wọn. Ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀kọ́ nípa òwò àti ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ìwé Àdéhùn Àwọn Ọ̀dọ́ Áfíríkà, tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè gbà wọlé ní Banjul, olú-ìlú Gámbíà, ní oṣù Keje ọdún 2006, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2009, ka ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín ọdún 15 sí 35 sí ọ̀dọ́. Ọdún 24 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé máa ń fẹnu tirẹ̀ tì sí, nítorí náà iye tí ìwé kan sọ àti èyí tí òmíràn sọ lè jìnnà síra láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni parọ́.

Iye ènìyàn àti iye iṣẹ́

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fojú bù ú pé àwọn ènìyàn Áfíríkà, tí wọ́n tó bílíọ̀nù 1.4 ní ọdún 2022, yóò tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.5 nígbà tí ó bá fi di ọdún 2050. Nǹkan bí ìdajì wọn ni kò tíì pé ọmọ 20 ọdún. Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà ti sọ ọ́ léraléra pé àwọn ọ̀dọ́ tí ń wọ ọjà iṣẹ́ lọ́dọọdún wà láàárín mílíọ̀nù 10 sí mílíọ̀nù 12, nígbà tí iṣẹ́ olówó oṣù tí ń yọjú fún wọn kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 lọ. Ní ọdún 2016 ni báńkì náà gbé ètò ọlọ́dún mẹ́wàá kan kalẹ̀, tí ó fẹ́ kí ó dá iṣẹ́ mílíọ̀nù 25 sílẹ̀.

Èrò tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò yìí ni pé bí àwọn tó lè ṣiṣẹ́ bá pọ̀ ju àwọn tí wọ́n ń bọ́ lọ, ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè á gbèrú. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àkòrí ọdún 2017. Irú èrè bẹ́ẹ̀ ló yọ fún South Korea àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní ìlà-oòrùn Éṣíà ní ìdajì kejì ọ̀rúndún ogún, àmọ́ níbẹ̀, bí iye ọmọ tí ìyá kọ̀ọ̀kan ń bí ti ń dín kù ni iléeṣẹ́ tí ń gba òṣìṣẹ́ ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ láìsí iléeṣẹ́ kò tíì mú èrè kankan wá.

Iye àwọn aláìríṣẹ́ nìkan kò tó láti fi mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí owó kò ti sí lọ́wọ́ ará ìlú, ọ̀dọ́ kò lè jókòó sílé máa retí iṣẹ́. Yóò wá nǹkan ṣe, bí èrè rẹ̀ tilẹ̀ kéré, àwọn olùṣírò á sì kà á mọ́ àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé kéde ní ọdún 2018 pé nǹkan bí ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ Áfíríkà ló wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ àkóso òfin iṣẹ́ tàbí ètò ìfẹ̀yìntì, àti pé láàárín àwọn ọmọ ọdún 15 sí 24, ìdá náà sún mọ́ 95. Gúúsù Áfíríkà yàtọ̀ pátápátá. Níbẹ̀, iṣẹ́ adáṣe kéré, àwọn tí kò sì níṣẹ́ rárá ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárín àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 15 sí 34 tí wọ́n wà nínú ọjà iṣẹ́.

Ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá

Bí a bá fi iye akẹ́kọ̀ọ́ wò ó, ọ̀dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni kì í sábà hàn nínú ètò ìnáwó ìjọba. Mẹkáníìkì, aránṣọ, aṣerunlóge, gbẹ́nàgbẹ́nà, wẹ́dà, oníṣẹ́ iná àti alátùn-únṣe fóònù ló ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ tí òbí mú wá. Òbí àti ọ̀gá á jọ ṣe àdéhùn lórí iye ọdún àti owó tí wọn yóò san. Ọmọṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ láti orí gbígbálẹ̀ àti gbígbé irinṣẹ́, títí tí ọ̀gá yóò fi gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ó bá sì parí, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ á fún un ní ìwé-ẹ̀rí níbi ayẹyẹ ìgbòmìnira. Láàárín àwọn oníṣòwò Igbo ní Nàìjíríà, ètò náà tún ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ètò ìjọba kò ní: ọ̀gá tí ọmọ bá sìn dáadáa fún ọdún mélòó kan ló máa ń fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀.

Àléébù ètò yìí kò farasin. Ohun tí ọ̀gá mọ̀ ni ọmọṣẹ́ máa mọ̀, nítorí náà ẹni tó kọ́ iṣẹ́ mọ́tò lórí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lè má mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí wá. Àwọn ọmọbìnrin sì máa ń pọ̀ jọ sídìí iṣẹ́ aṣọ rírán àti irun ṣíṣe, tí èrè wọn ti kéré nítorí pé àwọn tó ń ṣe é pọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè kan fi ń so ọ̀dọ̀ ọ̀gá pọ̀ mọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ní Olómìnira Benin, ọmọṣẹ́ lè lo apá kan nínú àkókò rẹ̀ ní ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí ó lo ìyókù lọ́dọ̀ ọ̀gá, kí ó sì ṣe ìdánwò fún ìwé-ẹ̀rí tí ìjọba fọwọ́ sí. Gánà dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ní ọdún 2006, ó sì sọ ọ́ di àjọ ńlá ní ọdún 2020. Wọ́n tún ń gbé ètò kan lárugẹ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí ẹni tó ti mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ lè fi wá síwájú àwọn olùdánwò, kí wọ́n wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní ìwé-ẹ̀rí láìní kí ó padà sí kíláàsì.

Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àti owó tí ń gbé e ró

Àwọn ìjọba amúnisìn dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ láti fi rí òṣìṣẹ́ fún rélùwéè àti iṣẹ́ òde. Ọdún 1947 ni Yaba College of Technology bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Lẹ́yìn òmìnira, yunifásítì ló gba iyì, ọ̀pọ̀ òbí sì ń wo ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ bí ibi tí ọmọ tó fìdí rẹmi ń lọ. Owó náà tún jẹ́ ìṣòro, nítorí ẹ̀kọ́ wẹ́dà ń fẹ́ irin, ẹ̀rọ àti iná mànàmáná lójoojúmọ́, nígbà tí ìwé àti pátákó lè tó fún ẹ̀kọ́ ìtàn. Níbi tí owó yìí kò bá sí, akẹ́kọ̀ọ́ á ka iṣẹ́ nínú ìwé lásán.

Ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń wá owó ni kí àwọn agbanisíṣẹ́ dá a jọ. Nàìjíríà dá àjọ ITF sílẹ̀ ní ọdún 1971 láti máa gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí iléeṣẹ́ ń san, láti ọdún 1973 sì ni ètò SIWES ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ sí iléeṣẹ́ kí wọ́n lè fojú rí iṣẹ́. Mòrókò dá OFPPT, àjọ ìjọba wọn fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́, sílẹ̀ ní ọdún 1974, ìdá 1.6 sì ni tiwọn. Òfin Gúúsù Áfíríkà ti ọdún 1999 gba ìdá kan. Ẹni tó bá san owó fún àjọ ló máa ń rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbà padà, èyí tó túmọ̀ sí pé iléeṣẹ́ ńlá ni ètò yìí ń bá lò jù. Ṣọ́ọ̀bù olóṣìṣẹ́ mẹ́ta kò sí nínú ìwé rẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ àgbẹ̀, ibùdó Songhai ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Olómìnira Benin, tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbé ibẹ̀ kọ́ bí ohun ọ̀gbìn, ẹran ọ̀sìn àti ẹja ṣe ń gbe ara wọn, tí ìgbẹ́ ẹran ń di ajílẹ̀ àti gáàsì ìdáná.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Àyẹ̀wò tí David McKenzie, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ṣe lórí ọ̀pọ̀ ìwádìí láti àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, tí ó jáde ní ọdún 2017, fi hàn pé nínú ènìyàn 100 tí wọ́n bá fún ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́, nǹkan bíi méjì tàbí mẹ́ta péré ló ń rí iṣẹ́ tí wọn kì bá tí rí láìsí ẹ̀kọ́ náà. Iye yìí kéré sí ohun tí àwọn tó ń ṣe ètò máa ń retí, ó sì ti mú kí àwọn ènìyàn máa wo ohun mìíràn tó yẹ kó bá ẹ̀kọ́ rìn.

Ní àríwá Ùgáńdà, ìjọba fún àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó kọ ètò iṣẹ́ sílẹ̀ ní owó tó tó nǹkan bí 400 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi kọ́ṣẹ́, kí wọ́n sì ra irinṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, owó tó ń wọlé fún wọn fi ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò rí owó náà gbà lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, àwọn yòókù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn dọ́gba. Ṣé ètò náà já sí asán nìyẹn? Kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọdún tí ọ̀dọ́ fi ṣáájú nínú owó kì í ṣe ohun kékeré, àmọ́ ó fi hàn pé ìyàtọ̀ ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ kì í sábà wà títí. Ní Làìbéríà, ètò EPAG fún àwọn ọmọbìnrin lẹ́yìn ogun abẹ́lé fi ìdá 47 kún iye àwọn tó níṣẹ́, ó sì fi ìdá 80 kún owó tó ń wọlé fún wọn. Yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, wọ́n bá wọn tọ́jú ọmọ kí wọ́n lè wá sí kíláàsì. Ní Tógò, ìwádìí kan láàárín àwọn oníṣòwò kéékèèké fi ẹ̀kọ́ ìṣirò òwò wé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ènìyàn láti máa lo ìdánúṣe, kí ó sì máa wá àǹfààní tuntun. Èkejì fi ìdá 30 kún èrè, ti àkọ́kọ́ kò sì hàn dáadáa.

Iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà

Láti bí ọdún mẹ́wàá ni ìjọba púpọ̀ ti gbójú lé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Kẹ́ńyà bẹ̀rẹ̀ ètò Ajira ní ọdún 2016, Rùwáńdà ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní ọdún 2019, Nàìjíríà sì kéde ètò 3MTT ní ọdún 2023, pẹ̀lú èrò láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn. Ìrírí iléeṣẹ́ Andela, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2014, fi ibi tí ọ̀nà náà ti dín hàn. Ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́, ó sì so wọ́n pọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ òkè òkun, àmọ́ ní ọdún 2019 ó dá ọ̀pọ̀ àwọn tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ dúró, nítorí pé àwọn onírìírí ni àwọn oníbàárà ń béèrè. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ tán ṣì nílò ibi tí yóò ti ní ìrírí. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná mànàmáná kò tíì dé ọ̀dọ̀ nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ènìyàn ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà.

Ìwé-ẹ̀rí tó kọjá ààlà

Láti oṣù Kìíní ọdún 2021 ni òwò ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àdéhùn ọjà ọ̀fẹ́ ti Áfíríkà, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sì ń ṣiṣẹ́ lórí ìlànà kan tí yóò jẹ́ kí orílẹ̀-èdè kan lè mọ iye tí ìwé-ẹ̀rí òmíràn tó. Ọjà lè kọjá ààlà lónìí kí ẹni tó ṣe é má lè kọjá pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀. Ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà, níbi tí àdéhùn ọjà àjọṣe ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ayàwòrán ilé, oníṣirò owó àti oníṣègùn ẹran ni àwọn orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ gbà láti máa bọ̀wọ̀ fún ìwé-ẹ̀rí wọn. Wẹ́dà àti aránṣọ, tí wọ́n pọ̀ ju wọn lọ fíìfíì, kò sí lára àwọn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.