Kí O Tó Ra Àgbò, Ka Léfítíkù Dé Ìsàlẹ̀

Èèyàn mẹ́ta ló ti wá bá mi lóṣù yìí nìkan, ìbéèrè kan náà sì ni gbogbo wọn bá wá: "Bàbá Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ Bíbélì wo ló ní kí wọ́n pa àgbò funfun?" Wòlíì ti rán wọn níṣẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Wọn ò wá ìmọ̀, ẹsẹ tí wọ́n máa fi ti wòlíì lẹ́yìn ni wọ́n ń wá. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn oníwàásù ní èdè Hébérù àti Májẹ̀mú Láéláé, alápatà sì ni bàbá tó bí mi. Tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹran àti pẹpẹ, ẹni tó bá fẹ́ tàn mí jẹ, kó tètè jí.

Ẹbọ sísun, ẹbọ àlàáfíà, ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀, ẹbọ ẹ̀bi: ẹ ti mọ ìwọ̀nyẹn láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, mi ò ní fi wọ́n ṣòfò àkókò.

Kò síbi tí Léfítíkù, ìwé òfin ẹbọ inú Bíbélì, ti ní kí wọ́n pa àgbò funfun. Ẹran tí òfin yẹn dárúkọ àwọ̀ rẹ̀ ni abo màlúù pupa inú Númérì 19, wọn kì í sì í sun òun lórí pẹpẹ, ẹ̀yìn ibùdó ni wọ́n ti ń sun ún. Ohun tí wọ́n ń wò lára ẹran ni àbùkù. Bàbá mi a máa fi àtàǹpàkò ká ìpéǹpéjú ẹran sókè, á wo inú rẹ̀ bóyá ó pọ́n, á fọwọ́ pa ẹsẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, á sì tú irun ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá èépá wà ńbẹ̀. Ohun tó wà nínú Léfítíkù 22 gan-an nìyẹn: kò gbọdọ̀ fọ́jú, kò gbọdọ̀ kán lẹ́sẹ̀, kò gbọdọ̀ ní egbò. Wòlíì Málákì bú àwọn tó ń mú arọ àti aláìsàn wá, ó ní kí wọ́n mú un lọ fún gómìnà wọn, kí wọ́n wò ó bóyá inú rẹ̀ máa dùn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti adìyẹ náà. Màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́, àdàbà àti ẹyẹlé ni pẹpẹ yẹn mọ̀. Àkùkọ kò sí ńbẹ̀! Nínú Míṣínà, ìyẹn àkójọ òfin àtẹnudẹ́nu tí àwọn rábì kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200, wọ́n tiẹ̀ kọ̀ kí wọ́n máa sin adìyẹ ní Jerúsálẹ́mù nítorí ẹran mímọ́ tó wà nílùú. Lóòótọ́, àwọn Júù kan wà títí dòní tí wọ́n máa ń fi adìyẹ yí orí ká kí Ọjọ́ Ètùtù tó dé, ṣùgbọ́n àṣà tó dé lẹ́yìn ni, kì í ṣe ẹbọ, Rábì Yosef Karo tó jẹ́ àgbà nínú òfin wọn sì ta kò ó.

Ẹ̀jẹ̀ ló kàn, ibí ló sì máa ń dùn mí jù. Àwọn kan ń fi ẹ̀jẹ̀ wẹ̀ fún ọmọlúàbí èèyàn, wọ́n á ní Mósè ló sọ bẹ́ẹ̀. Nínú òfin Mósè, ẹni tó ni ẹran lè fọwọ́ ara rẹ̀ dúńbú rẹ̀, kò dìgbà tó bá jẹ́ àlùfáà. Láti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń dà ni iṣẹ́ àlùfáà bẹ̀rẹ̀: á fi àwokòtò gbè é, á wọ́n ọn sára pẹpẹ, á sì da ìyókù sí ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ya àlùfáà sí mímọ́, tàbí tí wọ́n bá ń wẹ adẹ́tẹ̀ tó ti sàn mọ́, wọ́n á tọ́ díẹ̀ sí i ní etí ọ̀tún, ní àtàǹpàkò ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi wẹ̀ níbẹ̀. Míṣínà ní ihò méjì wà ní igun pẹpẹ, lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn, tó tín-ín-rín bí ihò imú. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà ṣàn lọ sí odò Kídírónì, wọ́n sì ń tà á fún àwọn olóko ọgbà. Ohun tí wọ́n ń rọ́ lé yín lórí lóru, ajílẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe ní Jerúsálẹ́mù.

Ẹran náà ńkọ́? Nínú ẹbọ àlàáfíà, igẹ̀ àti itan ọ̀tún ni ti àlùfáà. Ọ̀rá inú rẹ̀ á jóná lórí pẹpẹ, ẹni tó mú ẹran wá àti àwọn ará ilé rẹ̀ á jẹ ìyókù. Bó bá jẹ́ ti ìdúpẹ́, kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ fi wé ti wòlíì tó ní kí ẹ so odidi àgbò mọ́lẹ̀, kí ẹ máa lọ, kí ẹ má bojú wẹ̀yìn.

Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ tú Bíbélì ló mú ọ̀rọ̀ wa, ẹbọ, tí wọ́n fi dípò ohun tí àwọn Hébérù ń pè ní korban. "Sún mọ́" ni ìdí ọ̀rọ̀ yẹn ní èdè tiwọn. Mi ò bá Crowther jà, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ló lò. Babaláwo tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í tọ́ka sí Léfítíkù, ó ní Odù tirẹ̀. Àwọn tí kò mọ Odù, tí wọn ò sì ka Léfítíkù, ni ìyọnu mi. Ibì kan ṣoṣo ni òfin yẹn fàyè gbà fún ẹbọ, ìyẹn tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù, àwọn ọmọ ogun Róòmù tí Titus jẹ́ ọ̀gá wọn sì ti wó o lọ́dún 70. Láti ìgbà yẹn, àdúrà ni àwọn Júù fi dípò rẹ̀. Àwọn ará Samáríà ṣì ń pa àgùntàn Ìrékọjá lórí òkè Gérísímù, òkè tiwọn nìyẹn. Ta ló wá sọ ẹ̀yìnkùlé yín di Jerúsálẹ́mù?

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa ni pé àṣìṣe ni ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ wà fún, ohun tí èèyàn ṣe láìmọ̀ọ́mọ̀. Tálákà tí kò rí ẹyẹlé méjì rà, ìyẹ̀fun ló ń mú wá, kò sí ẹ̀jẹ̀ ńbẹ̀ rárá. Ẹni tó fi ìkùgbù ṣẹ̀, Númérì 15 ò kọ ẹran kankan fún un. Tó bá wá jẹ́ pé owó ẹlòmíràn lo jẹ, tó o sì búra èké lé e, Léfítíkù 6 ní kó o dá a padà, kó o sì fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e. Míṣínà là á mọ́lẹ̀: ẹni tó mú ẹran wá kó tó dá owó padà, ẹbọ rẹ̀ ò dà. Kódà, bí ẹni tó o jẹ lówó bá ti ṣí lọ sí Média, ilẹ̀ tó jìnnà réré ní apá Ìráànì òde òní, kó o gbé e tẹ̀ lé e débẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn ti fa àgbò dání kó tó dé. Ó so ó mọ́ géètì mi. Oorun ti dá lójú rẹ̀, ọjà rẹ̀ ò tà. Mo ní kó ka Léfítíkù 6 sókè fún mi. Nígbà tó dé ẹsẹ karùn-ún, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ta ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú ní ₦2,000,000, ó sì búra fún opó pé ilẹ̀ ò tíì tà. Mo mú bírò, mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn àpò ìwé: ₦2,400,000. Ó ní, "Bàbá, ọ̀nà jìn o." Mo ní, "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ò lọ sí Média. Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló pè mí lórí fóònù. Ó ti san ìdajì, ó sì gbà kí n sọ ìtàn náà bí mi ò bá ti dárúkọ òun. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, owó àgbò yẹn ńkọ́? Ṣé kò ṣeé yọ kúrò nínú ìdá márùn-ún?"

Mo ní kó lọ tà á, kó fi kún owó àwọn ọmọ opó náà. Ìyàwó mi, tó ń gbọ́ wa láti ilé ìdáná, ní kí n bi í léèrè ẹ̀fọ́ òun tí àgbò rẹ̀ jẹ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, kó má sì gbàgbé ìdá márùn-ún ti ìyẹn náà.