Ẹ Yé Lẹ Fáíbà Mọ́ Currach

Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó: ẹ yé lẹ fáíbà mọ́ ògbólógbòó currach, ọkọ̀ ojú omi ìbílẹ̀ àwọn ará Ireland. Etíkun Galway ní ilẹ̀ Ireland ni mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe, kò sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọn kì í gbé e wá. Wọ́n á ra ọkọ̀ ní pọ́ọ́kú, á máa jò, aládùúgbò kan tí kò di òòlù mú rí á bá wọn po fáíbà, á rẹ́ ẹ lé kánfáàsì. Tí n bá fi ọ̀bẹ ká etí ẹ̀, pákó abẹ́ ẹ̀ ti jẹrà, ìka lásán ń wọlé.

Férémù pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni currach, kánfáàsì tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ló bò ó. Tí ìgbì bá gbé e, férémù á tẹ̀, kánfáàsì á bá a tẹ̀. Fáíbà ò lè tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Á ṣí lójú ìṣó, omi á gbabẹ̀ wọlé, kò sì ní ríbi jáde. Omi òjò ló burú jù, torí iyọ̀ òkun kì í jẹ́ kí igi tètè rà. Èyí tí wọ́n fi fáíbà ṣe látilẹ̀ yàtọ̀; n ò bá ìyẹn jà.

Láyé àtijọ́, awọ màlúù ni wọ́n fi ń bò ó. Ẹni tó bá rò pé awọ ò lágbára, kó wo Tim Severin, arìnrìn-àjò orí òkun: awọ 49, tí wọ́n fi èèpo igi oak ṣe kó má bàa jẹrà, tí wọ́n sì fi ọ̀rá irun àgùntàn pa, ló bo ọkọ̀ tó gbé e kúrò ní Kerry ní Ireland lọ́dún 1976. Ní 1977, ó gúnlẹ̀ sí Newfoundland ní Canada. Ta ló bá a lẹ fáíbà?

Ọ̀dà ni kẹ́ ẹ fi tún un kùn, kó fẹ́lẹ́, lọ́jọ́ tí kánfáàsì bá gbẹ. Tẹ́ ẹ bá wọnú ẹ̀, orí igi ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Kì í ṣe fáàrí ni àwọn àgbà erékùṣù Aran fi ń wọ bàtà awọ rírọ̀ tí kò ní gìgísẹ̀. Bàtà oníṣòó á dá kánfáàsì lu.

Èèwọ̀ wá ńkọ́? Wọ́n ní ẹni tó bá pàdé obìnrin onírun pupa lọ́nà òkun, kó padà sílé. Wọ́n ní kí apẹja má kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, pé ńṣe ló kàn ń fa ikú gùn. Oníbàárà mi kan fẹ́ jáde lọ́jọ́ tí ìjì ń bọ̀, ó so ìgò omi mímọ́ mọ́ iwájú ọkọ̀, kò wọ jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó. Ó ní bàbá àgbà òun ò wọ̀ ọ́ rí, àti pé òun ò kúkú pàdé onírun pupa kankan láàárọ̀. N ò bá omi mímọ́ jà, ìgbàgbọ́ wọn ni. Mo kàn kó gbogbo àjẹ̀ ẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, mo tilẹ̀kùn. Ó ní òun á fọlọ́pàá mú mi. Mo ní kó lọ pè wọ́n, kó sáà ti fẹsẹ̀ rìn lọ.