Títún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù ogun àtijọ́ tò: iṣẹ́ ìwọ̀n ni

GMC CCKW wà lára àwọn ọkọ̀ tó gbé ẹrù àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà jù lọ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Láàárín 1941 sí 1945, èyí tí wọ́n ṣe jáde lé ní 500,000. Òun ló pọ̀ jù nínú ètò ìkẹ́rù tí wọ́n pè ní Red Ball Express, tó ń gbé epo, ọta ìbọn àti oúnjẹ gba ilẹ̀ Faransé kọjá láti ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ sí ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá 1944. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn awakọ̀ ètò náà ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, tọ̀sán-tòru ni wọ́n sì ń wà á. Ọkọ̀ tó ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n tún tà fún àgbẹ̀ tàbí agégẹdú lẹ́yìn ogun, kí wọ́n tó wá pa á tì sábẹ́ igi, ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọjá ohun tí ojú lè rí lóde.

GMC 270 ni ẹ́ńjìnnì náà. Sìlíńdà (ihò tí epo ti ń jó) mẹ́fà ló ní, wọ́n tò tẹ̀léra lórí ìlà kan. Ihò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ìnṣì 3.78, písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ihò náà, sì ń rin ìnṣì 4 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ tó lítà 4.4. Irin ńlá ni, ó wúwo, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi rò pé agbára apá ni títún un tò ń fẹ́. Ìwọ̀n ló ń fẹ́. Ìdá kan nínú 1,000 ìnṣì tín-ín-rín ju irun orí lọ, síbẹ̀ irú ìdá méjì tàbí mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ló ń pààlà sáàárín ẹ́ńjìnnì tí yóò pẹ́ láyé àti èyí tí yóò gan, tí kò ní lè yí mọ́, lọ́jọ́ kejì.

Ẹ́ńjìnnì tó ti jókòó pẹ́ sábà máa ń gan. Omi òjò á ti gba ẹnu sàlẹ́ńsà tàbí kábúrétọ̀ wọlé, ìpẹtà á sì ti so ríǹgì tó yí písítìn ká mọ́ ògiri sìlíńdà. Wọ́n á yọ pílọ́ọ̀gì, wọ́n á rọ ọ́ìlì tó ń wọ inú ìpẹtà sí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi sípánà ọlọ́wọ́ gígùn gbìyànjú láti yí kíráńkì, ọ̀pá ńlá ìsàlẹ̀ tí àwọn písítìn ń yí, díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹni tó bá fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ kó lè yí tipátipá, kọ́nrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kíráńkì) tó tẹ̀ ni yóò bá níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń tú u palẹ̀, ohun gbogbo ló ní àyè tirẹ̀. Ìdérí tó wà nídìí kọ́nrọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, òun àti kọ́nrọ́ọ̀dù náà ni wọ́n jọ gbẹ́ ihò wọn pa pọ̀ níléeṣẹ́. Bí wọ́n bá gbé ti sìlíńdà kejì fún ti ìkẹta, ihò náà kò ní rí roboto mọ́. Nítorí náà, wọ́n á wo nọ́ńbà ara wọn, bí kò bá sí, wọ́n á tẹ tiwọn sí i. Àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tó ń ti fáàfù (ìlẹ̀kùn tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, tó sì ń tú èéfín jáde), inú páálí tí wọ́n lu ihò sí, tí wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí, ni wọ́n ń gún wọn sí. Táàpẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, irin kékeré tó ń ti ọ̀pá wọ̀nyí, ti jẹ (ìyẹn ni pé ó ti gbó) papọ̀ pẹ̀lú orí tirẹ̀ lára kámùṣáàfù, ọ̀pá tó ń yí láti ṣí fáàfù, kò sì yẹ kí wọ́n yà wọ́n.

Ohun kan wà tó ti ba písítìn púpọ̀ jẹ́. Ríǹgì òkè kì í dé téńté sìlíńdà. Ibi tó ń dé á jẹ, ibi tí kì í dé á yọ bí ètè. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé ètè yìí kúrò kí wọ́n tó ti písítìn jáde látòkè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò fọ́ àwọn àlà tí ríǹgì jókòó sí.

Ibẹ̀ náà ni ìtàn ẹ́ńjìnnì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Bí wọ́n bá nu èédú orí písítìn, wọ́n lè bá ".020" níbẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ sára irin. Ìyẹn ni pé ẹnìkan ti gbẹ́ sìlíńdà náà fẹ̀ rí ní ìdá 20 nínú 1,000 ìnṣì. Ẹ̀yìn bíárínnì, awẹ́ irin tí kíráńkì ń yí nínú rẹ̀, náà máa ń ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Kò sí ìwé ọkọ̀ tó ṣeé gbọ́kàn lé tó àmì wọ̀nyí, torí pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ló tẹ̀ wọ́n síbẹ̀.

Wọ́n á wá fọ bùlọ́ọ̀kù, odindi irin tí ihò sìlíńdà wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà omi inú rẹ̀, pàápàá lápá ẹ̀yìn, sábà máa ń kún fún ẹrẹ̀ ìpẹtà tó ti le. Wọ́n á yọ gbogbo ìdí ọ̀nà ọ́ìlì, wọ́n á sì fi búrọ́ọ̀ṣì gígùn gún un já. Omi kọ́sítíìkì (sódà líle) gbígbóná dára fún irin dúdú, àmọ́ ó ń jẹ alumíníọ̀mù, nítorí náà wọn kì í ti ohun alumíníọ̀mù bọ inú rẹ̀. Àyẹ̀wò ìlà fífọ́ ló kàn: wọ́n á fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì sí irin, wọ́n á da lẹ́búlẹ́bú irin lé e, lẹ́búlẹ́bú náà á sì kóra jọ sí ojú ibi tó ti sán. Ẹ̀gbẹ́ bùlọ́ọ̀kù ni kí wọ́n wò dáadáa, torí pé omi tó di yìnyín nínú rẹ̀ nígbà òtútù lè là á.

Sìlíńdà kì í jẹ dọ́gba. Òkè, níbi tí iná ti ń jó tí ọ́ìlì kò sì pọ̀, ló ń jẹ jù. Ó sì máa ń jẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ju iwájú àti ẹ̀yìn lọ, torí ibẹ̀ ni kọ́nrọ́ọ̀dù ń ti písítìn sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn ihò kọ̀ọ̀kan lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, ní ọ̀nà méjì tó dábùú ara wọn. Bí ìyàtọ̀ bá ti kọjá ohun tí ìwé ìtọ́ni àwọn ológun gbà láàyè, wọ́n á gbẹ́ ẹ fẹ̀ kí wọ́n fi písítìn ófásáìsì, èyí tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀, sí i. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ ẹ dé òpin tẹ́lẹ̀, sílífù, ògiri irin tuntun tí wọ́n ń tì bọ inú ihò, ni wọn yóò fi sí i. Wọ́n á wá fi òkúta họ́ọ̀nù, òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin, fa ilà dábùú-dábùú sára ògiri, torí inú ilà wọ̀nyẹn ni ọ́ìlì ń dúró sí.

Kíráńkì ló yẹ kí wọ́n fún ní sùúrù jù. Ọrùn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ibi tí bíárínnì ń dì mú, ni wọ́n á wọn bóyá ó ṣì rí roboto. Bí ó bá ti ní ojú ọgbẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́ tín-ín-rín ní 0.010 tàbí 0.020 ìnṣì, wọ́n á sì ra bíárínnì tó nípọn tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mọ àlàfo tó kù láàárín ọrùn àti bíárínnì nìyí. Fọ́nrán rírọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Plastigage. Wọ́n á nu ọ́ìlì kúrò lára ọrùn náà, wọ́n á tẹ́ fọ́nrán náà lé e ní gígùn, wọ́n á gbé ìdérí dè é, wọ́n á sì mú un le dé ìwọ̀n tí ìwé sọ. Wọn kò gbọ́dọ̀ yí kíráńkì rárá lásìkò yìí. Nígbà tí wọ́n bá tú u, fọ́nrán á ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n á fi fífẹ̀ rẹ̀ wé ilà tó wà lára bébà tó fi bò. Bí ó bá ṣe fẹ̀ tó ni àlàfo ṣe kéré tó. Nínú irú ẹ́ńjìnnì báyìí, àlàfo náà sábà máa ń wà láàárín 0.001 sí 0.003 ìnṣì. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ́ìlì á máa ṣàn jáde, agbára rẹ̀ á já. Bí ó bá kéré jù, ọ́ìlì kò ní ráyè wọlé, irin á kan irin.

Fáàfù àti ìjókòó wọn kò le tó bẹ́ẹ̀: wọ́n á lọ̀ wọ́n, wọ́n á sì pààrọ̀ ohun tí ọ̀pá fáàfù ń gbà kọjá bí ó bá ti ń mì. Epo ìsinsìnyí kò ní òjé bíi ti ìgbà yẹn, nítorí náà ìjókòó irin líle dára fún fáàfù tó ń tú èéfín.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, omi gbígbóná àti ọṣẹ ni wọ́n fi ń fọ sìlíńdà. Epo bẹntiróòlù kì í kó iyanrìn họ́ọ̀nù jáde, ńṣe ló máa ń tì í wọ inú ilà. Wọ́n á máa fi aṣọ funfun nù ún títí aṣọ yóò fi jáde ní funfun. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n á fi ọ́ìlì pa á, torí irin tútù tó ṣí sílẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ríǹgì kọ̀ọ̀kan á wọ inú sìlíńdà tirẹ̀ ní òun nìkan, wọ́n á fi orí písítìn tì í kó lè jókòó dọ́gba, wọ́n á sì wọn àlàfo ẹnu rẹ̀. Fún ihò ìnṣì 3.78, nǹkan bí 0.015 ìnṣì ló yẹ. Àwọn bóòtù tó de orí ẹ́ńjìnnì, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń mú wọn le, díẹ̀díẹ̀ ní ìpele mẹ́ta.

Kí iná tó wọ ọ́, wọ́n á fi dírílì yí páńpù ọ́ìlì títí ọ́ìlì yóò fi dé àwọn apá fáàfù lókè. Wọ́n á to wáyà pílọ́ọ̀gì ní 1-5-3-6-2-4, bí àwọn sìlíńdà ṣe ń gbiná tẹ̀léra. Wáyà bátìrì gbọ́dọ̀ nípọn, torí fóòtì 6 ni ọkọ̀ náà ń lò. Bí kámùṣáàfù bá jẹ́ tuntun, wọn kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa rọra yí nígbà tó bá gbiná. Nǹkan bí ìyípo 2,000 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń fi í sí fún ogún ìṣẹ́jú, pẹ̀lú ọ́ìlì tó ní zinc tó pọ̀, kí orí kámù àti táàpẹ́ẹ̀tì lè mọ ara wọn. Ojú kò sì gbọ́dọ̀ kúrò lára géèjì ọ́ìlì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á da ọ́ìlì náà nù, wọ́n á gé fíltà sí méjì, wọ́n á tẹ́ bébà inú rẹ̀ síta gbangba, wọ́n á sì wá ohun tó bá ń dán nínú rẹ̀. Eruku dúdú díẹ̀ kò ṣe nǹkan. Bí ó bá jẹ́ ègé irin tó ń dán bíi fàdákà tàbí bàbà, bíárínnì ni, wọ́n á sì tún ṣí ṣáńpù, àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì.