Ta ló ya àwòrán Trade Fair?

Bí ẹ bá ti lọ ra páàtì mọ́tò rí ní Trade Fair, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, inú iṣẹ́ ọwọ́ ará Serbia kan lẹ wọ̀ yẹn. Zoran Bojović lorúkọ rẹ̀, 1936 ni wọ́n bí i. Energoprojekt, ilé iṣẹ́ kan ní Belgrade, ló ń bá ṣiṣẹ́ nígbà tí Serbia ṣì jẹ́ ara Yugoslavia, orílẹ̀-èdè tó ti tú ká báyìí.

Owó epo ló gbé e dé Èkó. Ìjọba fẹ́ pàtẹ ọjà fún gbogbo ayé wá wò, Yugoslavia àti Nàìjíríà sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí kò gbè sẹ́yìn Amẹ́ríkà tàbí Rọ́ṣíà. Ní 1977, ọdún FESTAC gan-an, ni wọ́n ṣí i.

Màmá kan tí mo yàwòrán ilé fún bi mí pé, "Ẹnjiníà," (ayàwòrán-ilé ni mí o, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́), "kí ló rẹwà lára Trade Fair, ilé tí kò lọ́ṣọ̀ọ́?" Mo ní kí wọ́n gbójú sókè. Nílé tiwa, ògiri ló ń gbé òrùlé. Gbọ̀ngàn ìpàtẹ ọjà ò lè rí bẹ́ẹ̀: lónìí katakata á wọlé, lọ́la aṣọ ni wọ́n máa pàtẹ síbẹ̀, òpó àárín á kàn dí wọn lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so irin pọ̀ ní onígun mẹ́ta mẹ́ta, tí ọ̀kan á máa ti ẹrù sí èkejì lára títí yóò fi dé etí ilé. Lójú ìran Bojović, irin tó ń ṣiṣẹ́ yẹn ti tó ọ̀ṣọ́, kò yẹ kí wọ́n bò ó.

Ibẹ̀ ni mi ò ti gbà tán. Irin tó wà ní gbangba nílẹ̀ olómi bí Ọ̀jọ́, àdúgbò tí Trade Fair wà, á dípẹtà. Ẹni tó ń kùn ún ò gbọdọ̀ sinmi.

Lẹ́yìn Èkó, Bojović ṣiṣẹ́ ní Kánò àti Baghdad. Ní tiwa, àwọn ọlọ́jà kó wọ Trade Fair, wọ́n fi ìsọ̀ kún un. Àwọn kan ní àwòrán òyìnbó náà ló kùnà. Irọ́ ni. Ọjà ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dún ló yà á fún. Ọjà ojoojúmọ́ ló ń gbé báyìí, pẹ̀lú pàǹtí rẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ àti ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Kí ẹ tó dá ayàwòrán lẹ́bi, gọ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ bá mi yẹ̀ wò.