Ojú kan ló kọ sí ìràwọ̀ rẹ̀, àmọ́ ó ń yí

Wọ́n máa ń sọ pé pílánẹ́ẹ̀tì tí ojú kan rẹ̀ kọ sí ìràwọ̀ títí ayé kì í yí. Irọ́ ni. Kí ẹni tó bá ń jiyàn lọ sídìí iná onísúyà ní Wúsè lálẹ́, kó rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan, kó má ṣe gbójú kúrò lára ẹyin iná. Kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ á ti kọ sọ́nà Kubwa, á ti kọ sí Nyanya, á ti kọ sọ́nà pápákọ̀ òfurufú. Àyà rẹ̀ gbóná, ẹ̀yìn rẹ̀ tutù, síbẹ̀ ó ti yí lẹ́ẹ̀kan gbáko.

Yíyí yẹn ló ń darí atẹ́gùn. Bí TRAPPIST-1e, pílánẹ́ẹ̀tì kan tó ń yí ìràwọ̀ míì ká, bá kọ ojú kan sí ìràwọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe gbà pé ó rí, nǹkan bí ọjọ́ 6 ló fi ń yí. Ti pílánẹ́ẹ̀tì míì bẹ́ẹ̀, Proxima Centauri b, tó ọjọ́ 11. Ẹni tó bá fi òdo sí àyè yíyí rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ayé mìíràn ló ń ṣírò.

Ẹ̀yìn pílánẹ́ẹ̀tì náà tó ṣókùnkùn ló gbàrònú jù. Lóru ọyẹ́ ní Àbújá, tí kò sí ìkúukùu tó máa bo ooru mọ́lẹ̀, ilẹ̀ símẹ́ńtì á tutù débi pé ẹsẹ̀ ò ní lè gbé e. Ká ní ilẹ̀ ò mọ́ mọ́ láé ńkọ́? Bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá fẹ́lẹ́ jù, carbon dioxide inú rẹ̀ á dì, á sì bọ́ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó kù á dín, ooru tó ń gbé bọ̀ láti iwájú á dín, òmíràn á tún dì. Ní 1997, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Manoj Joshi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀, wọ́n rí i pé carbon dioxide tí agbára tó fi ń tẹ ilẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti afẹ́fẹ́ wa lè dènà ìparun yìí. Atẹ́gùn tó ń gbé ooru kiri ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn!

Níwájú, lábẹ́ ìràwọ̀ gan-an, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gòkè, ìkúukùu sì ń ṣù síbẹ̀. Jun Yang àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2013 pé bí pílánẹ́ẹ̀tì bá ń rọra yí, ìkúukùu yìí á dúró bí agboòrùn, á máa dá ìmọ́lẹ̀ padà.

Ibẹ̀ náà ni ìṣírò ti ń mẹ́hẹ. Àpótí àpótí ni kọ̀ǹpútà ń gé afẹ́fẹ́ sí, ọ̀kan sì lè fẹ̀ tó Àbújá sí Kàdúná. Bẹ́ẹ̀ òjò lè máa rọ̀ ní Gwarinpa kí Garki gbẹ. Ìkúukùu kéré sí àpótí, nítorí náà òfin tí èèyàn gbé kalẹ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé TRAPPIST-1e kan náà fún ètò ìṣírò mẹ́rin, orí ìkúukùu ni wọ́n ti yàtọ̀ síra jù.