Lésà àti abẹ fún gígé kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ lẹ́nu

Oríṣiríṣi kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ ló máa ń yọ síni lẹ́nu, ohun méjì tí àwọn dókítà eyín sì sábà máa ń fi gé e ni abẹ àti lésà. Nínú abẹ, nọ́ńbà 15 ló wọ́pọ̀ jù fún iṣẹ́ ẹnu. Lésà ní tiẹ̀ jẹ́ iná alágbára tí wọ́n kó jọ sójú kan ṣoṣo débi pé ó ń gé ẹran. Àwọn méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ẹ̀jẹ̀, ìrora, bí egbò ṣe ń jinná, àti bí ẹran tí wọ́n gé ṣe máa rí tó bá dé lábù, tèyí tó kẹ́yìn yìí ni wọn kì í sì í sọ tó.

Àwọn kókó tí wọ́n sábà máa ń gé

Fàíbúrómà ló wọ́pọ̀ jù, ó máa ń yọ níbi téèyàn ti ń fi eyín gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ètè ara ẹ̀ jẹ léraléra. Mukosíìlì máa ń wà ní ètè ìsàlẹ̀: ojú ọ̀nà tí itọ́ ń gbà jáde ló máa já, itọ́ á wá máa dà sínú ẹran, ibẹ̀ á wú, á rọ̀, nígbà míì á dà bíi búlúù. Àwọn aboyún máa ń ní kókó pupa kan lára èrìgì tó máa ń ṣẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá ti fọ eyín, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló máa ń súnkì lẹ́yìn ìbímọ, torí náà tí kò bá yọni lẹ́nu jù, wọ́n lè ní kéèyàn ṣì dúró. Papilómà wà, ìyẹn kókó kékeré tí ojú ẹ̀ rí ṣákaṣàka, HPV (fáírọ́ọ̀sì kan tó máa ń mú kí irú kókó bẹ́ẹ̀ yọ) oríṣi 6 àti 11 ni wọ́n sábà máa ń rí nínú ẹ̀. Ẹran tún máa ń ká jọ sábẹ́ eyín àtọwọ́dá tí kò bá ẹnu mu mọ́.

Abẹ

Dókítà á kọ́kọ́ fún èèyàn lábẹ́rẹ́ kí ojú ibẹ̀ lè kú, lídókéènì 2% ni wọ́n sábà máa ń lò, wọ́n á ti po adirẹnalíìnì mọ́ ọn kí iṣan ẹ̀jẹ̀ lè fún. Á gé yí kókó náà ká, á yọ ọ́, á wá rán an. Torí pé etí egbò méjèèjì pàdé ara wọn, ó máa ń tètè jinná, bí ọ̀sẹ̀ kan sí i wọ́n á tú òwú ẹ̀. Wàhálà abẹ ni ẹ̀jẹ̀, pàápàá lórí ahọ́n, àti pé òwú máa ń dí èèyàn lọ́wọ́ láti jẹun. Owó ẹ̀ kò pọ̀, kò sì nílò iná mànàmáná.

Lésà

Ọdún 1960 ni Theodore Maiman ṣe lésà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Lésà CO2, tó ń lo gáàsì kábọ́nù dáyókísáídì, tí Kumar Patel ṣe ní Bell Labs ní 1964 ló wá di ti iṣẹ́ abẹ gan-an, torí pé omi máa ń fa iná ẹ̀, tó jẹ́ 10,600 nánómítà (ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ìgbì iná ṣe gùn tó), mu, ẹran ẹnu sì kún fún omi, ìdí nìyẹn tí kì í fi í jìn jù. Lésà dáyóòdù, láti nǹkan bíi 810 dé 980 nánómítà, kéré, kò sì wọ́n tó CO2, àwọ̀ ara àti ẹ̀jẹ̀ ló ń fà á mu. Lésà míì tó ń jẹ́ Er:YAG, 2,940 nánómítà, kì í jó ẹran púpọ̀, àmọ́ kì í dá ẹ̀jẹ̀ dúró tó CO2.

Bí lésà ṣe ń gé ló ń dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké pa, ojú ibẹ̀ á mọ́ kedere, ọ̀pọ̀ ìgbà wọn kì í sì í rán an, èyí sì wúlò fáwọn tó ń lo wọfaríìnì, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Egbò náà á wà ní ṣíṣí, nǹkan funfun tàbí yẹ́lò á bò ó, àwọn aláìsàn máa ń pè é ní ọyún, kì í ṣe ọyún. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó jinná, ìyẹn ni pé abẹ yá jù ú lọ níbí, ṣùgbọ́n àpá ti lésà kì í sábà fa ẹran jọ. Ní ti ìrora, ìwádìí kan sọ pé ti lésà kéré láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, òmíràn kò rí ìyàtọ̀, èèyàn díẹ̀ ni wọ́n sì lò nínú púpọ̀ nínú wọn.

Ohun tí lábù ń rí

Ooru lésà máa ń jó etí ẹran tí wọ́n gé. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, sẹ́ẹ̀lì etí yẹn á ti gùn gbọọrọ, inú wọn á dúdú, awọ òkè á ti ṣí kúrò lára ẹran ìsàlẹ̀, àwọn okùn kọlájìn, ìyẹn àwọn okùn tó di ẹran mú, á sì ti yọ́ pọ̀ mọ́ra débi pé èèyàn ò ní mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Tó bá jẹ́ fàíbúrómà tó tó sẹ̀ńtímítà kan, kò sí wàhálà, àárín ẹ̀ ṣì wà lódindi. Àmọ́ tí ẹran náà bá jẹ́ mìlímítà mẹ́ta péré, tí iná sì jó ìlàjì mìlímítà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ìdá kan nínú mẹ́ta fífẹ̀ ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Èyí tó léwu jù ni pé sẹ́ẹ̀lì tí iná jó lè jọ sẹ́ẹ̀lì tó ti ń yí padà sí jẹjẹrẹ.

Torí ẹ̀ ni wọ́n fi máa ń gba àwọn tó ń lo lésà níyànjú pé kí wọ́n gé e jìnnà díẹ̀ sí kókó náà, bí ìlàjì mìlímítà sí ẹyọ kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù lábù pé lésà ni wọ́n lò. Tó bá jẹ́ ibi tó funfun tàbí tó pupa lẹ́nu tí wọ́n ń fura sí pé ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, abẹ ni kí wọ́n fi gé ẹran fún àyẹ̀wò. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi lésà sun kókó di èéfín láìfi nǹkan kan ránṣẹ́ sí lábù nínú fọ́málínì (omi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́), nítorí ohun tó jọ mukosíìlì ní ètè òkè tàbí àjà ẹnu lè jẹ́ kókó ẹṣẹ́ itọ́, ìtọ́jú ìyẹn sì yàtọ̀ pátápátá.

Pípadà wá àti ààbò

Ohun èlò kọ́ ló ń pinnu bóyá mukosíìlì máa padà wá, tí wọn ò bá yọ ẹṣẹ́ itọ́ kékeré tó wà nídìí ẹ̀, ó lè tún yọ, ì báà jẹ́ abẹ, ì báà jẹ́ lésà. Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá lésà, tó fi mọ́ aláìsàn, gbọ́dọ̀ wọ gíláàsì ojú tó bá irú lésà náà mu. Wọ́n ti rí DNA HPV nínú èéfín lésà, fún ìdí yìí wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ fa èéfín náà kúrò lẹ́nu aláìsàn bí wọ́n ṣe ń gé e lọ.